Lisbon: Ìlú Tí Ilẹ̀ Rẹ̀ Mì Tìtì

Ọjọ́rú

Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu pẹ̀lú takisí bí ẹ bá balẹ̀ sí Lisbon. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ wà ní pápá ọkọ̀ òfurufú gan-an. Ìlà pupa la wọ̀ dé Alameda, a sọ̀kalẹ̀, a bọ́ sí ìlà aláwọ̀ ewé, ó di Rossio, àárín gbùngbùn ìlú. Nídìí ẹ̀rọ la ti ra káàdì tí wọ́n ń pè ní Navegante, a rọ owó sínú rẹ̀. Òun náà la fi wọ bọ́ọ̀sì, tíráàmù àti ọkọ̀ ojú omi títí a fi kúrò. Kí olúkúlùkù ra tirẹ̀ o, ènìyàn méjì kì í lo ẹyọ kan pọ̀.

Èmi ti Ìbàdàn wá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti London wá bá mi. Kí a tó gbéra ni mo ti sọ fún wọn lórí fóònù pé gbogbo ilé tí a bá dúró níwájú rẹ̀ ní Lisbon, ìbéèrè kan ni n ó máa bi í: kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ láàárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1755? Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ ni, ṣọ́ọ̀ṣì kún, àbẹ́là ń jó lórí gbogbo pẹpẹ. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ kọjá díẹ̀ ni ilẹ̀ mì tìtì. Àwọn tí òrùlé kò wó lù sá lọ sí etí odò Tejo níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, omi fà sẹ́yìn, ó sì padà wá bò wọ́n. Àbẹ́là tó ṣubú àti iná ààrò ràn mọ́ igi, iná sì jó ìlú náà fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló kú. Ẹni tí kò bá mọ̀ nípa àárọ̀ ọjọ́ náà lè rìn gbogbo Lisbon já kó má mọ ìdí tí apá kan ìlú fi rí kọ́lọkọ̀lọ tí apá kejì sì tọ́ bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n.

Ilẹ̀ gbàgede Rossio ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òkúta wẹ́wẹ́ dúdú àti funfun ni wọ́n fi ọwọ́ tò sílẹ̀ bí ìgbì omi, ojú a sì máa ṣe ènìyàn bíi pé ilẹ̀ ń lọ. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ìlú náà ló pọ̀ tó jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ báyìí, wọ́n sì ń yọ̀ bí òjò bá ti kán sí wọn, nítorí náà bàtà tó di ilẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀ lọ. Ọba Pedro Kẹrin ló dúró lórí òpó gíga àárín gbàgede náà. Òun kan náà ló kéde òmìnira Brazil ní 1822.

Ṣọ́ọ̀ṣì São Domingos wà lẹ́yìn Rossio díẹ̀. Bó bá jẹ́ tèmi, ibẹ̀ ni àlejò ìbá kọ́kọ́ wọ̀, kódà ṣáájú kàtídírà. Ilẹ̀ tó mì ní 1755 bà á jẹ́, wọ́n tún un kọ́. Iná tún jó o ní 1959. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n fi òrùlé tuntun bò ó, ṣùgbọ́n wọ́n fi àwọn òpó sílẹ̀ bí iná ṣe fi wọ́n sílẹ̀: wọ́n sán, wọ́n bó, wọ́n dúdú lápá kan. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ó rí ṣákaṣàka. Àwọn èèyàn ń gbàdúrà láàárín òpó wọ̀nyẹn, kò sì sẹ́ni tó gbìyànjú láti fi ọ̀dà bo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ní ìta, òkúta ìrántí kan dúró fún àwọn Júù tí wọ́n ti fipá ṣe ìrìbọmi fún, tí àwọn èrò ìlú sì pa nípakúpa ní oṣù kẹrin ọdún 1506. Ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni ìpakúpa náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ojúde ṣọ́ọ̀ṣì náà, Largo de São Domingos, ni àwọn ọmọ Áfíríkà ìlú náà ti máa ń pàdé, àwọn ará Guinea-Bissau ló sì pọ̀ jù. Àwọn bàbá dúró nínú aṣọ ńlá, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Àwọn ìyá jókòó ti ọjà wọn. Ẹ̀gbọ́n mi rí obì, wọ́n sì kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ìyá tó ń tà á. Èdè kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ìyá náà mọ ìkíni. Ó kó obì fún wa, ó sì fi ẹyọ kan lé e ní èènì.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí kan náà ni àwọn aláwọ̀ dúdú Lisbon ti dá ẹgbẹ́ ìjọ tiwọn sílẹ̀ láyé àtijọ́, ẹgbẹ́ Nossa Senhora do Rosário dos Homens Pretos. Ẹrú àti ẹni tó ti gbòmìnira ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń sin òkú ara wọn, wọ́n sì ń dáwó ra ara wọn sílẹ̀ lóko ẹrú. Mo wo àwọn tó dúró ní ojúde lálẹ́ ọjọ́ náà, inú mi dùn pé ibẹ̀ kò tíì di ti àlejò nìkan.

Ọjọ́bọ̀

Baixa, ìsàlẹ̀ ìlú. Ìdáhùn tó le jù lọ sí ìbéèrè mi ni mo gbà níbí: kò sí ohun tó kù. Mínísítà ọba, Sebastião José de Carvalho e Melo, tí wọ́n wá fi joyè Marquês de Pombal nígbẹ̀yìn, ló gba iṣẹ́ àtúnkọ́ sọ́rùn. Ẹnjiníà Manuel da Maia, tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ló kọ àbá bí wọn yóò ṣe ṣe é síwájú rẹ̀. Àbá tí wọ́n mú ni kí wọ́n palẹ̀ ohun tó kù mọ́, kí wọ́n la títì tó gún, tó fẹ̀, kí gbogbo ilé sì dọ́gba. Nínú ògiri, kí wọ́n tó fi òkúta sí i, wọ́n kọ́kọ́ fi igi hun férémù, ìdábùú lórí ìdábùú, bí àgò adìyẹ. Bí ilẹ̀ bá tún mì, igi á máa bá a yí, ògiri lè já bọ́ ṣùgbọ́n ilé kò ní wó lé onílé lórí. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé wọ́n kó ṣójà jọ kí wọ́n máa fẹsẹ̀ kilẹ̀ yí àpẹẹrẹ ilé náà ká, láti wò ó bóyá yóò dúró.

Orúkọ iṣẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ̀pọ̀ títì ibẹ̀: ti wúrà, ti fàdákà, ti àwọn oníbàtà. A ń lọ ní Rua Augusta nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dúró lójijì.

“Àbúrò, wo fèrèsé yẹn. Wo irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀. Ṣé kì í ṣe Pópó Àgùdà rèé?”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bahia tí wọ́n sì padà sí Èkó ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà lábẹ́ àwọn Potogí Brazil. Láti ibí dé Bahia, láti Bahia dé Èkó, ọwọ́ ẹni tó ti ṣe ẹrú rí ni irú ilé yìí gbà dé ọ̀dọ̀ wa. A dúró níbẹ̀ pẹ́.

Títì náà gba abẹ́ ẹnubodè ńlá kan jáde sí Praça do Comércio, gbàgede tó kọjú sí odò. Ààfin ọba ló wà níbẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ náà, pẹ̀lú ilé ìkówèésí tí ìwé inú rẹ̀ tó nǹkan bí 70,000. Omi àti iná kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ọba José fúnra rẹ̀ yè nítorí pé ó ti kó ìdílé rẹ̀ jáde kúrò láàárín ìlú láàárọ̀ náà, Belém ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù wọ̀ ọ́ lára débi pé kò tún fẹ́ sun inú ilé olókùúta mọ́. Ààfin onígi ni wọ́n kọ́ fún un lórí òkè Ajuda, ibẹ̀ ló sì gbé títí ó fi kú. Òun ló wà lórí ẹṣin ní àárín gbàgede náà, ère tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1775. Ní igun kan gbàgede yìí ni wọ́n ti yìnbọn pa Ọba Carlos àti àrólé rẹ̀ ní 1908. Ẹ lọ dé Cais das Colunas, níbi tí àtẹ̀gùn ti wọ inú odò láàárín òpó méjì, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan omi.

Ọ̀sán, a gòkè lọ sí Carmo. Ẹ̀rọ agbéniròkè onírin tó ń jẹ́ Santa Justa wà nísàlẹ̀, láti 1902 ló ti wà, ó ga ní mítà 45, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n ìlà tó wà nídìí rẹ̀ gùn púpọ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ gun òkè Chiado, ẹ ó gba ẹ̀yìn Carmo yọ sí orí rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì Carmo, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1389, kò ní òrùlé. Ìyẹn ni ìdáhùn tirẹ̀. Àwọn egungun òkúta tó gbé àjà ró tẹ̀ kọrọdọ lójú ọ̀run, koríko hù síbi tí àga yẹ kó wà, àwọn ẹyẹlé sì ń gba ibi tó yẹ kó jẹ́ àjà kọjá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́ rí, wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo rí ní Lisbon, n kò rí ibòmíràn tó fi ọdún 1755 hàn tó báyìí. Ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí ni apá ẹ̀yìn rẹ̀ báyìí.

Ẹ má kúrò ní ojúde Carmo láì wo bárékè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Inú rẹ̀ ni Marcelo Caetano, olórí ìjọba ìfipámúnisìn, sá pamọ́ sí ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1974, nígbà tí àwọn ṣójà tirẹ̀ dìde sí i. Ọ̀gágun kékeré kan, Salgueiro Maia, ló kó ọkọ̀ ogun wá sí ojúde yìí, Caetano sì gbé ìjọba sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ará ìlú ń fi òdòdó pupa sẹ́nu ìbọn ṣójà. Ogun Angola, Mozambique àti Guinea-Bissau ló ti sú àwọn ṣójà náà. Àwọn tó ń jà fún òmìnira wọn ní Áfíríkà dá kún òmìnira Lisbon, ó sì yẹ kí ọmọ Áfíríkà tó bá dúró ní Carmo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

São Roque kò jìnnà síbẹ̀. Ara rẹ̀ níta kò jọni lójú rárá, ẹ wọlé. Ní apá òsì ni yàrá àdúrà Jòhánù Onítẹ̀bọmi wà. Rome ni wọ́n ti kọ́ ọ, póòpù gba àdúrà sínú rẹ̀, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá sí Lisbon fún Ọba João Karùn-ún. Wúrà, fàdákà, òkúta aláwọ̀ aró tó ṣọ̀wọ́n: wọn kò ṣọ́ owó ná. Wúrà Brazil ló san án, àwọn ẹrú ló sì wa wúrà Brazil, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti etíkun tiwa lọ. Ilẹ̀ mì, São Roque kò wó.

Ọjọ́ Ẹtì

Tíráàmù 15E gbé wa lọ sí Belém. A tètè lọ, ìlà ti gùn níwájú Jerónimos kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ilé àwọn mọ́ǹkì ni Jerónimos. Ọba Manuel Kìíní ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ọjà Áfíríkà àti ti Ìlà Oòrùn, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ni wọ́n ń ná lé e. Òkúta rẹ̀ funfun bí eyín, wọ́n sì gbẹ́ okùn ọkọ̀, ewé òkun àti ẹranko sí i lára débi tí ojú kò fi ní ibi ìsinmi. Ọgbà àárín rẹ̀, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ alájà méjì yí ká, ni kí ẹ fún ní àkókò. A jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi yí láti òpó kan dé èkejì. Ibojì Vasco da Gama, awakọ̀ òkun wọn, wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ti Camões, akéwì wọn, kọjú sí i. Ilẹ̀ mì, Jerónimos dúró.

A jẹ pastel de nata ní ilé oúnjẹ àtijọ́ tó wà nítòsí, tó ti ń tà á láti 1837: ìpápánu pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ẹyin àti wàrà dí, tó gbóná, tí wọ́n bu sínámọ́nì lé lórí. Ẹ má jókòó ti ẹyọ kan.

Padrão dos Descobrimentos, ọ̀wọ̀n olókùúta tó rí bí iwájú ọkọ̀ ojú omi, wà létí odò. Ère ènìyàn 33 ló wà lára rẹ̀, Ọmọ Ọba Henrique, ẹni tó ń rán ọkọ̀ wọn lọ sí etíkun Áfíríkà, ló ṣíwájú. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ìyá Henrique. 1940 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì fi òkúta kọ́ ọ ní 1960. Àwòrán ayé tó wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀ fi ọdún tí ọkọ̀ wọn dé ibi gbogbo hàn, ìjọba South Africa ìgbà náà ló sì fi í ta wọ́n lọ́rẹ. Mo wò ó dáadáa, iṣẹ́ ọnà ńlá ni. Ṣùgbọ́n ní 1444, ní ìlú Lagos ti gúúsù Pọ́túgàl, ẹrú 235 ni wọ́n kó sọ̀kalẹ̀ láti Áfíríkà níṣojú Henrique yìí, wọ́n pín wọn bí ẹni pín ẹran, ìdá kan nínú márùn-ún sì jẹ́ tirẹ̀. Kò sí ẹni kankan lára ọ̀wọ̀n náà tó dúró fún wọn. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé n kò ní ya fọ́tò níbẹ̀, wọ́n ní àwọn náà kò ní yà.

Ilé ìṣọ́ Belém wà níwájú díẹ̀. Láti ìta ló ti dùn ún wò jù. Ẹ wá orí àgbáńréré tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ igun rẹ̀ kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Tíráàmù 28 láti Martim Moniz, kí aago mẹ́jọ tó lù. Lẹ́yìn ìyẹn, èrò á pọ̀ débi pé ẹ kò ní rí ìta, àwọn gbéwiri tó ń yọ owó lápò á sì ti dé. Tíráàmù onígi náà ń ha ara ògiri kọjá ní àwọn òpópónà Alfama. A sọ̀kalẹ̀ ní Portas do Sol, a wo odò láti òkè.

Alfama ni àdúgbò tí ilẹ̀ tó mì kò lè pa run. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà àwọn Mùsùlùmí tó ni ìlú náà kí Ọba Afonso Henriques tó gbà á ní 1147, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn jagunjagun Kristẹni tó ń lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ilé olódi São Jorge wà lórí òkè, àwọn ọ̀kín ń rìn káàkiri inú rẹ̀. Ẹ gbà á láàárọ̀, oòrùn ọ̀sán kò ṣeé fara gbà níbẹ̀.

Nísàlẹ̀ Alfama, lọ́nà etí odò, ọ̀pọ̀ àlejò ń kọjá níwájú Chafariz d'El-Rei láì wò ó. Orísun omi àtijọ́ ni. Ẹrú ló ń pọnmi níbẹ̀ fún ìdílé ìlú, ìjà sì pọ̀ débi pé ní 1551 ìjọba ìlú pín ẹnu omi rẹ̀ ní ìpín-ìpín: ti àwọn dúdú lọ́tọ̀, ti àwọn funfun lọ́tọ̀. Àwòrán kan láti ọgọ́rùn-ún ọdún náà fi ojúde ibẹ̀ hàn, àwọn aláwọ̀ dúdú ló kún inú rẹ̀: arumi, awakọ̀ ojú omi, àti ọkùnrin dúdú kan lórí ẹṣin nínú aṣọ oyè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjà Feira da Ladra máa ń wáyé. A kọjá níbẹ̀ lọ sí Panteão Nacional, ṣọ́ọ̀ṣì Santa Engrácia tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1682 tí wọn kò sì parí títí di 1966. Bí iṣẹ́ kan kò bá tán bọ̀rọ̀ ní Lisbon, iṣẹ́ Santa Engrácia ni wọ́n ń pè é. Eusébio, agbábọ́ọ̀lù, la bá lọ. Maputo ni wọ́n bí i sí, nígbà tí ìlú náà ṣì ń jẹ́ Lourenço Marques. Góòlù mẹ́sàn-án ló gbá wọlé ní ìdíje Ife Àgbáyé 1966, kò sẹ́ni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ó kú ní 2014, wọ́n sì gbé e wá sáàárín àwọn ààrẹ àti akọ̀wé ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Bàbá wa tó ti lọ máa ń dárúkọ rẹ̀ bí ẹni dárúkọ àbúrò. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ lé òkúta ibojì náà, wọ́n ní, “Bàbá ní ká kí yín.”

Lálẹ́, Alfama kún. Oṣù kẹfà ni, oṣù ọdún Santo António, ẹni mímọ́ tí wọ́n bí sí Lisbon yìí. Wọ́n so bébà aláràbarà mọ́ òpópónà, wọ́n gbé ààrò èédú síta ilé, sàdíìnì ń ta lórí rẹ̀, wọ́n sì ń ta ìbátan efinrin kan nínú ìkòkò kéékèèké. Sàdíìnì lórí búrẹ́dì ni, ọwọ́ la fi jẹ ẹ́. Láti inú ilé kan, obìnrin kan ń kọ fado, orin ìbílẹ̀ Lisbon. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àwa tí a wà níta dákẹ́ jẹ́ẹ́ kí ó parí.

Ọjọ́ Àìkú

Àárọ̀, Museu Nacional do Azulejo, ilé táìlì, nínú ilé àwọn obìnrin ìjọ tí Ayaba Leonor dá sílẹ̀ ní 1509. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀nà rẹ̀ tó jìn díẹ̀ dá yín dúró. Lórí àjà òkè, táìlì aláwọ̀ aró kan gùn ní nǹkan bíi mítà 23: gbogbo etí odò Lisbon ni wọ́n yà sí i ní nǹkan bí 1700. Ààfin ọba wà níbẹ̀ tòun ti ilé ìṣọ́ rẹ̀. Carmo ní òrùlé. A rìn láti ìkángun kan dé èkejì, a padà, a tún rìn ín, à ń fi ìka tọ́ka sí ibi tí a ti dúró.

Ọ̀sán, Rua do Poço dos Negros. Títì lásán ni lójú, ilé káfé àti ṣọ́ọ̀bù. Ní 1515, Ọba Manuel, ẹni tó kọ́ Jerónimos, kọ̀wé sí ìjọba ìlú pé òkú àwọn ẹrú tí wọ́n ń jù káàkiri ti ń rùn, kí wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn, kí wọ́n máa jù wọ́n sí i, kí wọ́n sì máa da ẹfun sísun lé wọn. Orúkọ títì náà ṣì ń sọ ọ́. Ní itòsí ibẹ̀ ni àdúgbò Mocambo wà, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn dúdú Lisbon gbé; Madragoa là ń pè é lónìí. Pombal fòfin de kíkó ẹrú tuntun wọ Pọ́túgàl ní 1761, ṣùgbọ́n òfin náà kò dé Brazil. Lẹ́yìn òfin yẹn gan-an ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn wa lọ sí Bahia. Mo fẹ́ kí gbogbo Yorùbá tó bá lọ sí Lisbon rin títì yìí, kó má jẹ́ Belém nìkan ni yóò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mú obì Ọjọ́rú jáde nínú báàgì, wọ́n ya á, a jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

Ọjọ́ Ajé

Jerónimos kì í ṣí ní Ọjọ́ Ajé, ọ̀pọ̀ ibi ìṣẹ̀ǹbáyé náà kì í ṣí, nítorí náà ẹ fi ọjọ́ yìí sí orí omi. Ọkọ̀ ojú omi gbéra ní Cais do Sodré lọ sí Cacilhas ní òdìkejì. Láti àárín odò, ẹ ó rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: ilé olódi lórí òkè, Alfama tó dà wálẹ̀, Baixa tó tẹ́jú, afárá 25 de Abril tí wọ́n ṣí ní 1966, àti ère Krístì tó na ọwọ́ sí ìlú láti 1959. Ẹja gbígbẹ oníyọ̀ tí wọ́n ń pè ní bacalhau la jẹ ní Cacilhas, pẹ̀lú ànàmọ́ òyìnbó àti òróró ólífì, ó sì dára ju èyí tí a jẹ ní Rossio lọ. Ẹ kò nílò tíkẹ́ẹ̀tì pàtó kankan fún ọkọ̀ náà. Káàdì Navegante yín ti tó.